Ibi tí Kọ̀ǹpútà bá Dúró sí ni Àìsàn Rẹ̀ Wà

Kí ni ó ń fà á tí kọ̀ǹpútà Linux tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá fi ń kọ̀ láti dìde lónìí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè. Kíá ni wọ́n ń pa gbogbo ohun tí ó wà lórí dísìkì rẹ́, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Báyìí ni iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣègbé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ṣe é tẹ́lẹ̀.

Linux, tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ń tẹ̀lé ìlànà Unix, èyí tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Ìpele mẹ́rin ni ìdìde rẹ̀ pín sí, ọ̀kan sì ń fa iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́. Èkíní ni ètò kékeré tí a ti kọ sínú ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́; òun ni ó ń yẹ ẹ̀rọ wò, tí ó sì ń wá dísìkì. Èkejì ni GRUB, tí ó sábà máa ń gbé kernel dìde. Ẹ̀kẹta ni kernel, olórí tí ó ń darí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ. Nínú ọ̀pọ̀ Linux òde òní, systemd ni ẹ̀kẹrin. Òun ni ó ń pe àwọn iṣẹ́ yòókù jáde.

Nítorí náà, bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀, iná tàbí ẹ̀yà ara rẹ̀ ni ó yẹ ní yíyẹ̀wò. Bí ó bá kọ “grub rescue”, GRUB ni kò rí àwọn fáìlì rẹ̀. Bí ó bá dákú lẹ́yìn tí kernel tuntun wọlé, ti àtijọ́ sábà máa ń wà nínú àwọn ohun tí GRUB ní kí ènìyàn yàn.

“Emergency mode” ni ó ń dẹ́rù bani jù, síbẹ̀ ìdí rẹ̀ lè kéré. Bí àpẹẹrẹ, akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ orúkọ dísìkì àfikún sínú fáìlì /etc/fstab, ó sì yọ dísìkì náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Systemd yóò dúró dè é fún bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Bí kò bá rí i, yóò dá ìdìde dúró. Àmì # kan ṣoṣo níwájú ìlà náà tó láti wò ó sàn.

Kí ẹnikẹ́ni tó tún nǹkan kan ṣe, kí ó kọ́kọ́ fi Linux tí ó wà lórí USB tan ẹ̀rọ náà, kí ó sì da iṣẹ́ rẹ̀ kọ síbòmíràn. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa eèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀.