Jẹjẹrẹ ti lọ, àárẹ̀ ò lọ: kí ni ìrìn lè ṣe sí i?

“Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká bá yín ṣe é.” Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń wí fún ìyá tàbí bàbá tó gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé. Wọ́n á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé omi ìwẹ̀ dé balùwẹ̀ fún un, wọ́n á ní kó lọ sùn. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, ó sì tọ́ láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá ń gorí oṣù tí àárẹ̀ ò kúrò, ìwádìí láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn ti fi hàn pé ìjókòó gan-an lè wà lára ohun tó so ó mọ́ ara.

Irú àárẹ̀ wo nìyí?

Àárẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ní ìdí, ó sì ní òpin: èèyàn ṣiṣẹ́, ó rẹ̀ ẹ́, ó sùn, ara rẹ̀ yá. Ti jẹjẹrẹ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì á sun wákàtí mẹ́sàn-án, á jí bí ẹni tí kò fojú kan oorun. Á wẹ̀ tán, á ní láti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kó tó lè wọ aṣọ. Á ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní lè sọ ohun tó kà.

Julienne Bower àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California, Los Angeles, ṣe ìwádìí nípa àwọn obìnrin tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni àárẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n tún bi wọ́n ní ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ́yìn tí àìsàn náà ti hàn, ìdá kan nínú mẹ́ta ṣì ni.

Ohun tó ń fà á kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀jẹ̀ lè má tó lára. Oògùn kẹ́mò tàbí ìtànṣán lè ti pa iṣan tàbí ọkàn lára. Àwọn kẹ́míkà tí ara fi ń gbógun ti àìsàn lè ṣì máa kiri nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ogun ti parí. Oorun tó dà rú, ìrora àti ìbẹ̀rù pé àìsàn lè padà tún ń dá kún un. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì

Kí ló dé tí ìsinmi kò fi lè lé e lọ? Ní 1966, àwọn oníwádìí ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún, ẹni ogún ọdún, dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Kò sí èyí tó ṣàìsàn nínú wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa dìde, agbára tí ara wọn fi ń lo ọ́síjìn ti fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ dín kù. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n tún pe àwọn márààrún padà, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi sùn yẹn ba agbára ara wọn jẹ́ ju ohun tí ọgbọ̀n ọdún fi sọ wọ́n di àgbà lọ.

Bó bá ṣe ọ̀dọ́ tára ẹ̀ le bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa ẹni ọgọ́ta ọdún tó gba kẹ́mò fún oṣù mẹ́fà? Ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó. Nítorí pé ó jókòó, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ. Àtẹ̀gùn mẹ́wàá tí kì í kà sí tẹ́lẹ̀ wá di òkè ńlá, ó tún wá rẹ̀ ẹ́ ju ti àná lọ. Ibi tí ìrìn àti eré ìmárale ti ń wọlé nìyí.

Kí ni ìwádìí sọ?

Láàárín ọdún 1980 sí 1989, tí “ẹ lọ sinmi” ṣì jẹ́ ìmọ̀ràn ọ̀pọ̀ dókítà, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Maryl Winningham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ohio State gbé àwọn obìnrin tó ń gba kẹ́mò fún jẹjẹrẹ ọmú sórí kẹ̀kẹ́ adúrólójúkan, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Agbára wọn pọ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí, ìwádìí ń ya wọlé láti orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi.

Ní 2017, Karen Mustian àti ikọ̀ rẹ̀ ní Rochester, New York, kó ìwádìí 113 jọ, tí èèyàn tó kópa nínú wọn ju 11,000 lọ. Eré ìmárale, àti ìmọ̀ràn látọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, ṣiṣẹ́ ju oògùn lọ lórí àárẹ̀ yìí. Ní 2019, àwọn ògbóǹtarìgì láti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan fi òǹkà sí i: ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí irú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá ó kéré tán, ẹni tó bá lè ṣe é, kó fi ìmárale tó ń mú iṣan le kún un, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ̀ngbọ̀n. Níbẹ̀, ọ̀kan nínú ọkùnrin dúdú mẹ́rin ni wọ́n máa ń rí jẹjẹrẹ prostate lára rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Bí a bá kó gbogbo ọkùnrin pọ̀, ọ̀kan nínú mẹ́jọ ni. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba oògùn tó ń dí họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin lọ́wọ́. Oògùn náà ń jẹ iṣan, ó sì ń mú àárẹ̀ wá. Nítorí èyí ni NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fáwọn dókítà níbẹ̀, fi ní kí wọ́n fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní eré ìmárale tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ń darí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Bàbá tó wà ní Peckham, ní London, tí kò tíì gbọ́ èyí lẹ́nu dókítà rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Báwo lèèyàn ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ẹni tí kò tíì rìn kọjá ẹnu géètì. Bó bá ti mọ́ ọn lára, kó fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un. Bí ìrìn náà bá ṣe déédéé, èèyàn á lè máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àmọ́ kò ní lè kọrin. Bí ọ̀rọ̀ kò bá lè jáde dáadáa, ó ti yá jù.

Ti iṣan kò nílò owó jíìmù. Ẹ jókòó sórí àga tó dúró dáadáa, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà, ẹ dìde, kẹ́ ẹ tún rọra jókòó. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ sinmi, kẹ́ ẹ tún ṣe é. Ike omi méjì lè ṣe irin fún ọwọ́.

Ọjọ́ tí ara bá yá ló léwu jù. Ọ̀pọ̀ á fẹ́ fọ gbogbo aṣọ, lọ sọ́jà, kí wọ́n sì se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sì ní lè dìde fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìwọ̀nba tó ṣeé ṣe lọ́jọ́ tára yá àti lọ́jọ́ tí kò yá ló ń mú ara padà sípò. Àwọn ará ilé náà lè ràn án lọ́wọ́: dípò kí wọ́n lọ ra búrẹ́dì wá fún un, kí wọ́n bá a rìn lọ.

Ta ló yẹ kó ṣọ́ra?

Ẹni tí jẹjẹrẹ ti wọ egungun rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i, torí egungun lè kán. Ẹni tí kẹ́mò ti sọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ di kíkú lè ṣubú; kẹ̀kẹ́ adúrólójúkan sàn fún un. Bí ibà bá ń ṣe èèyàn, bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí òyì ń kọ́ ọ, kó dúró, kó lọ rí dókítà.

Àárẹ̀ gbogbo kọ́ ló sì ń gbọ́ ti ìrìn. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní ME, tí iṣẹ́ kékeré fi ń dá èèyàn wó fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ní 2021, NICE fagi lé ìlànà tó ní kí àwọn tó ní in máa fi kún eré ìmárale díẹ̀díẹ̀. Bí ìrìn kékeré bá ń dá ẹni tó gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ wó bẹ́ẹ̀ léraléra, kó sọ ọ́, kó má fipá ṣe é.

Àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa bíi UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó ní ẹ̀ka físíò, àwọn tó ń fi ìmárale tọ́jú ara, kì í sì í ṣe ẹni tó dá lẹ́sẹ̀ nìkan ni wọ́n wà fún. Nígbà tẹ́ ẹ bá tún lọ rí dókítà, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: ṣé ẹ̀jẹ̀ mi tó? Ṣé egungun àti ọkàn mi lè gbà á kí n máa ṣe ìmárale? Ṣé ẹ lè kọ̀wé fún mi sí àwọn físíò?