Ínsúlínì Tó Ń Tòrò Bí Ògì

Ẹ gbé ìgò ínsúlínì NPH sílẹ̀ mọ́jú, ẹ ó rí i pé ó ti tòrò bí ògì inú ìkòkò: omi mímọ́ wà lókè, ohun funfun ti sùn sí ìsàlẹ̀. Kò bàjẹ́. Funfun yẹn ni oògùn náà gan-an. Ní 1936, Hans Christian Hagedorn, dókítà ará Denmark, pa ínsúlínì pọ̀ mọ́ protamine, èròjà tí wọ́n yọ lára àtọ̀ ẹja, kí ara má baà tètè gbà á tán. Ní 1946 ni wọ́n ṣe NPH nílé iṣẹ́ rẹ̀. H tó kẹ́yìn orúkọ náà, Hagedorn ni.

Ẹni tó bá fa omi òkè nìkan sínú síríńjì, oògùn tó dín ló gún. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ìgò á sì wá lágbára jù lọ́jọ́ mìíràn. Torí náà, ẹ yí ìgò náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nígbà mẹ́wàá, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ tún gbé e nàró, nígbà mẹ́wàá, títí gbogbo rẹ̀ á fi funfun dọ́gba bíi mílíìkì. Ẹ má mì ín jìgìjìgì. Bí kókó funfun bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má gún un. Bí dókítà bá ní kí ẹ pa á pọ̀ mọ́ ínsúlínì tó mọ́ gaara, èyí tó mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni wákàtí tí agbára rẹ̀ máa ń dé góńgó. Bí ẹ bá gún un, yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín wákàtí kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì le jù láàárín wákàtí mẹ́rin sí méjìlá. Èyí tí ìyá ọlọ́jà gún ní aago méje àárọ̀ ń béèrè oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé oníbàárà kún ìsọ̀. Èyí tí wọ́n gún ṣáájú oúnjẹ alẹ́ lè já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ní aago méjì òru. Òógùn á bo onítọ̀hún, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, àlá burúkú á jí i. Bí irú èyí bá ń ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún dókítà; ó lè sún wákàtí abẹ́rẹ́ náà. Ẹ má fúnra yín dín in kù.

Bí ṣúgà bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́rin ṣúgà sómi, kí ẹ mu ún, kí ẹ sì tún wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún un mu, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹun. Ẹni tó bá dákú, ẹ má ro ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ikùn tàbí itan ni kí ẹ gún un sí, kí ẹ sì máa sún ojú ibẹ̀ síwájú lójoojúmọ́, torí ibi tí abẹ́rẹ́ bá ń bà léraléra máa ń wú, kì í sì gba oògùn dáadáa mọ́.

Ìgò tí ẹ kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni kí ó wà, kó má dì. Èyí tó bá ti dì rí, ẹ sọ ọ́ nù. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, kí ẹ fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, kí ẹ fi ìgò náà sínú ọ̀rá, kí ẹ wá gbé e sínú èyí tó kéré.