Àṣeyọrí Tó Dí Eli Zeira Létí

Lóṣù karùn-ún ọdún 1973, ariwo ogun gba gbogbo Ísírẹ́lì. Íjíbítì ń kó ọmọ ogun jọ sí etí omi Suez, David Elazar tó jẹ́ olórí ọmọ ogun Ísírẹ́lì sì ní kí gbogbo èèyàn gbára dì. Ọ̀gágun Eli Zeira nìkan ló dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ogun kankan kò ní í wáyé. Owó ńlá bá ìgbáradì náà lọ, ogun kò sì wáyé. Láti ọjọ́ yẹn, ta ni yóò tún já Zeira níyàn?

Oṣù kẹwàá ọdún 1972 ló gba ipò olórí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun lọ́wọ́ Aharon Yariv. Ọpọlọ rẹ̀ pé, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, èyí tó wu àwọn olóṣèlú. Ó bá èrò kan nílẹ̀ níbẹ̀: Íjíbítì kò ní í jagun àfi bó bá ní ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù tó lè rìn jìnnà àti ohun ìjà Scud; Síríà kò sì ní í dá nìkan jà. Èrò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí láti inú àṣírí Íjíbítì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ọdún 1972 parí, Ààrẹ Anwar Sadat ti yí ìpinnu padà. Zeira kò yí tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, Ọba Hussein ti Jọ́dánì fúnra rẹ̀ wá kìlọ̀ fún Golda Meir, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, ní bòókẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ọ̀dọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun Ísírẹ́lì kan, Benjamin Siman-Tov, kọ̀wé pé ìdánrawò tí Íjíbítì ń ṣe, ogun ni wọ́n fi ń bò mọ́lẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ dá ìwé náà dúró. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aya àtọmọ wọn kúrò ní Íjíbítì àti Síríà. Síbẹ̀, Zeira ní kò dájú pé ogun yóò wà.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ti àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sí Íjíbítì láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tá. Elazar gbà pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Zeira kò tíì jẹ́ kí wọ́n tan àwọn ẹ̀rọ náà.

Lálẹ́ ọjọ́ 5, Ashraf Marwan, ọkọ ọmọ Nasser tó ti jẹ ààrẹ Íjíbítì rí, sọ fún olórí Mossad, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ísírẹ́lì, Zvi Zamir, ní London pé ọ̀la ni. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́ Ètùtù àwọn Júù, ìbọn dún ní Suez àti lórí òkè Golan. Ọmọ ogun Ísírẹ́lì tó lé ní 2,600 ló kú nínú ogun náà.

Oṣù kẹrin ọdún 1974 ni ìgbìmọ̀ Adájọ́ Agranat, tó ṣèwádìí ogun náà, ní kí wọ́n yọ Zeira àti igbákejì rẹ̀ nípò, kí ìdájọ́ lórí ogun má sì wà lẹ́nu ẹ̀ka kan ṣoṣo mọ́. Elazar náà lọ. Àdánù yìí tọ́ sí Zeira, nítorí iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni kó máa fi iyè méjì wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà gbọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Aharon Haliva, tó wà ní ipò kan náà, kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí ìkọlù Hamas ti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2023.