Ìdajì Àmì Péré: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣírò Ìparí Eré Go

Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ní ìlú Wuzhen lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, Ke Jie, ọ̀kan lára àwọn ògbóǹtarìgì tó ń ta Go lágbàáyé, jókòó ta á pẹ̀lú AlphaGo, ètò kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ DeepMind. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ìdajì àmì péré ni kọ̀ǹpútà fi na Ke Jie. Lóòótọ́, AlphaGo ò bìkítà bóyá àmì òun pọ̀ jù. Kó ṣáà ti borí ni tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nínú Go, àmì kan ṣoṣo tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni ní ìparí lè ba gbogbo làálàá ẹni jẹ́. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Fún ẹni tí kò mọ Go: pátákó onílà 19 sí 19 ni wọ́n fi ń ta á, oríta 361 ló wà lórí ẹ̀. Ẹnì kan mú ọmọ dúdú, ẹnì kejì mú funfun. Ẹni tó bá fi ọmọ ẹ̀ gba ilẹ̀ jù ló borí. Torí pé Dúdú ló ń kọ́kọ́ ta, wọ́n máa ń fún Funfun ní ẹ̀bùn. Ní Ṣáínà, àmì 7 àti ààbọ̀ ni. Ibẹ̀ ni ìdajì yẹn ti ń wá.

Tó bá ku díẹ̀ kí eré parí, ìjà ńlá ti tán. Ohun tó kù ni àwọn ibi kéékèèké tí ọ̀kan ò kan èkejì. Ó dà bíi pé ó rọrùn, àbí? Rárá o. Bó bá ku ibi 10, ọ̀nà 3,628,800 ni èèyàn lè gbà tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ibi méjì péré.

Ibi Kìíní: bí Dúdú bá ta síbẹ̀, ó gba àmì 4. Bí Funfun bá ṣáájú ẹ̀, Dúdú gba 0.

Ibi Kejì: bí Funfun bá ṣáájú, Dúdú gba 0. Bí Dúdú bá ṣáájú, tí Funfun sì dáhùn, Dúdú gba 2. Àmọ́ bí Funfun ò bá dáhùn, Dúdú á tún ta síbẹ̀, á kó 8.

Dúdú ló kàn. Ojúkòkòrò á ní kó sáré mú 4. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, Funfun á lọ dí Ibi Kejì, àròpọ̀ Dúdú á jẹ́ 4. Ṣùgbọ́n tó bá kọ́kọ́ ta sí Ibi Kejì, ẹ̀rù 8 á mú kí Funfun dáhùn. Dúdú ti rí 2, òun ló sì tún kàn. Á mú 4, àròpọ̀ á di 6. Bí Funfun bá ṣe agídí, tó lọ dí Ibi Kìíní, 8 ni Dúdú máa kó. Àwọn ará Jàpáànì ń pe ìta tó ń fipá mú ẹni kejì dáhùn báyìí ní sente. Èyí tó ń jẹ́ kí ìgbà bọ́ sọ́wọ́ ẹni kejì ni gote.

Nígbà tí John Conway, onímọ̀ ìṣirò, ń wo àwọn tó ń ta Go ní Cambridge, ó rí i pé ìparí eré dà bí eré kéékèèké tí wọ́n rò pọ̀. Èrò yìí wà lára ohun tó bí ìwé rẹ̀, On Numbers and Games, lọ́dún 1976. Ní 1994, Elwyn Berlekamp àti David Wolfe gbé Mathematical Go jáde. Ọgbọ́n wọn dà bí owó-orí: gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ta, kó san àmì 1. Torí pé wọ́n ń gbà á ta fún ara wọn ni, owó-orí tọ̀tún tòsì á pa ara wọn rẹ́, àfi ti ẹni tó bá ta kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ibi kéékèèké á di ìdá: ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ ó mọ ẹni tó máa gba àmì ìkẹyìn.

Ṣé gbogbo ìṣòro ti tán nìyẹn? Ó tì o. Ní 2002, Wolfe fúnra rẹ̀ fi hàn pé ìparí eré Go wà lára àwọn ìṣòro tí a kò tíì mọ ọ̀nà àbùjá kankan sí, kódà fún kọ̀ǹpútà.

Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ dán an wò. Ẹ padà sí ibi méjì wa, ṣùgbọ́n Funfun ló kàn báyìí. Ibo ló yẹ kó ta sí? Bó bá dí Ibi Kejì, Dúdú á mú 4. Bó bá dí Ibi Kìíní, Dúdú á ta sí Ibi Kejì, Funfun á dáhùn, Dúdú á gba 2 péré. Ibi Kìíní ló dáa fún Funfun nígbà náà. Pátákó kan náà, ọmọ kan náà. Ẹni tó kàn nìkan ló yí padà, ìdáhùn náà sì yí padà.