ORÚKỌ KÌ Í ṢE Ọ̀NÀ: ÌṢÈTÒ ORÚKỌ NÍNÚ ÌSOKỌ́RA KỌ̀ǸPÚTÀ ILÉ-IṢẸ́ ŃLÁ

1. Ìfáàrà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àlàyé bí ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀ka púpọ̀ ṣe lè fi orúkọ dín wàhálà ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà rẹ̀ kù. Ètò tí ó wà fún èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní DNS. Paul Mockapetris ni ó gbé e kalẹ̀ ní 1983. Ṣáájú àkókò náà, fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà sí ní Amẹ́ríkà, tí àwọn yòókù sì ń ṣe àdàkọ rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ti ń pọ̀ sí i, apá kò ká fáìlì náà mọ́.

2. Èdè-ìperí

Ilé ni à á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe ni a wò kí a tó dábàá àwọn ìperí wọ̀nyí:

(a) àdírẹ́sì: nọ́ńbà mẹ́rin tí a tò tẹ̀ lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju 255 lọ, tí a fi ń dá kọ̀ǹpútà kan mọ̀. Irú rẹ̀ mìíràn tí ó gùn jù báyìí wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe.

(b) afọ̀nàhàn: ẹ̀rọ tí ń pinnu ọ̀nà tí ìsọfúnni yóò gbà dé àdírẹ́sì. A fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe fọ̀nàhàn.

(d) atọ́ka-orúkọ: ẹ̀rọ tí ń sọ àdírẹ́sì tí orúkọ kan dúró fún.

Kò tọ́ kí a pe (b) àti (d) ní orúkọ kan náà. Atọ́ka inú ìwé ń sọ ojú-ìwé fún òǹkàwé; kì í bá a ṣí i.

3. Àpẹẹrẹ

Kí á gbà pé ilé-iṣẹ́ kan ní olú-ilé ní Moníyà, tí ó sì ní ẹ̀ka ní Bódìjà, Àgbowó àti Dùgbẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún kọ̀ǹpútà ń lo ẹ̀rọ ìṣirò-owó tí ó wà ní Dùgbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àdírẹ́sì ni a kọ sínú wọn, ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá kó lọ sí Moníyà ni ìṣòro dé. Yálà kí a tún ọ̀ọ́dúnrún kọ̀ǹpútà ṣe, tàbí kí a kọ́ gbogbo afọ̀nàhàn ní ọ̀nà àkànṣe sí àdírẹ́sì àtijọ́ náà. Bí irú ọ̀nà àkànṣe bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, kò ní pẹ́ tí kò fi ní sí ẹni tí ó mọ ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orúkọ ni a kọ, ìlà kan ṣoṣo ni a ó yí padà lọ́dọ̀ atọ́ka-orúkọ.

4. Gbèdéke ìfipamọ́

Kọ̀ǹpútà a máa fi ìdáhùn tí ó bá gbà pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Láti 1901 tí ojú-irin ti dé Ìbàdàn, Dùgbẹ̀ ni à ń lọ wọ ọkọ̀. Ní oṣù Kẹfà, 2021, wọ́n ṣí ojú-irin tuntun láti Èkó, tí ibùdókọ̀ rẹ̀ wà ní Moníyà. Ẹni tí ó bá gbára lé ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò pàdánù ọkọ̀. Nítorí náà, bí gbèdéke bá jẹ́ 86,400 ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tíí ṣe ọjọ́ kan, ó yẹ kí a dín in kù sí 300 ní ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú ìkólọ.

5. Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹwàá, 2021, àṣìṣe kan mú kí ọ̀nà tí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn atọ́ka-orúkọ Facebook parẹ́. Fún bíi wákàtí mẹ́fà, ayé kò rí i lò. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, 2024, okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ó sì kan Nàìjíríà. Bí atọ́ka-orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ní Moníyà bá wà ní òkè òkun nìkan, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lè dé kí òṣìṣẹ́ má rí ẹ̀rọ tí ó wà ní yàrá kejì.

6. Àgbálọgbábọ̀

Orúkọ ń mú ìfọ̀nàhàn rọrùn, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ọ̀nà. Kí ilé-iṣẹ́ fi atọ́ka-orúkọ kan sílé, kí ó sì fi òmíràn sí ibi tí ó jìnnà.