Panápaná Tí Kì Í Gba Owó Oṣù

Slave Lake jẹ́ ìlú kékeré kan ní àríwá ìpínlẹ̀ Alberta, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ó fi nǹkan bí 250 kìlómítà jìnnà sí Edmonton, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Adágún ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igbó sì yí i ká. Àwọn ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 7,000 lọ. Bí iná bá sọ lóru, ẹni tó máa kọ́kọ́ dé lè jẹ́ mẹkáníìkì tàbí olùkọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn panápaná ìlú náà ló ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ìlú kéékèèké tó pọ̀ ní Kánádà. Owó orí tí wọ́n ń rí kó jọ kò lè bọ́ àwọn tí yóò kàn jókòó de iná tí ó lè má sọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ á máa gbé ẹ̀rọ ìpè kékeré kiri. Bó bá ti dún, ì báà wà nídìí oúnjẹ, ó di ọ̀nà àgọ́ panápaná nìyẹn. Ìpè náà kì í sì í ṣe ti iná nìkan. Ọkọ̀ tó forí sọ igi, arúgbó tí àyà ń dùn, àwọn náà ni wọ́n ń sáré lọ bá. Ibi tó le nìyẹn, nítorí ẹni tí wọ́n fẹ́ fà jáde nínú ọkọ̀ tó rún náà lè jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ jẹun láná.

Nígbà òtútù, omi gan-an di ìṣòro. Bí omi bá dúró jẹ́ẹ́ nínú rọ́bà tí wọ́n fi ń pa iná, yóò dì, rọ́bà á sì le gbagidi. Nítorí náà, wọn kì í ti ẹnu rọ́bà pa tán, wọ́n á jẹ́ kí omi díẹ̀ máa ṣàn. Èyí tó bá ta sí wọn lára á dì mọ́ aṣọ, ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé á sì máa yọ̀. Bí iná bá kú tán, wọ́n ṣì ní láti fa gbogbo omi jáde nínú páǹpù àti rọ́bà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ṣeé lò bí ìpè mìíràn bá dé.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, atẹ́gùn tó ń sáré tó nǹkan bí 100 kìlómítà ní wákàtí kan gbé iná igbó wọ ìlú náà. Gbogbo ará ìlú ní láti sá. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìlú ló jóná, ó lé ní 400 ilé, títí kan ibi ìkówèésí. Àwọn kan nínú àwọn panápaná náà ń pa iná ilé ẹlòmíràn nígbà tí ilé tiwọn ń jó. Kò sí ará ìlú kan tó kú sínú iná náà. Awakọ̀ hẹlikópítà kan tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ló bá iṣẹ́ náà lọ.

Ohun tí ojú wọn rí kò lọ lásán. Lọ́dún 2016, nígbà tí iná lé nǹkan bí 88,000 èèyàn kúrò ní ìlú Fort McMurray, panápaná Slave Lake lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀nà kan tí wọ́n lò níbẹ̀ ni pé kí wọ́n fi katapílà wó ilé tó wà níwájú iná, kí iná má baà rí nǹkan jó dé ilé tó kàn.

Lọ́dún 2011 kan náà tí iná jó Slave Lake ni ìjọba Kánádà bẹ̀rẹ̀ ìdínkù owó orí fún panápaná tó bá fi ó kéré tán 200 wákàtí sin ìlú lọ́dún. Iye tí wọ́n ń fi ṣe ìṣirò rẹ̀ nígbà náà jẹ́ 3,000 dọ́là. Lọ́dún 2024, wọ́n sọ ọ́ di 6,000, èyí tó lè dín owó orí ẹni kan kù ní 900 dọ́là lọ́dún náà. Bí a bá pín in sí 200 wákàtí náà, kò tó dọ́là márùn-ún fún wákàtí kan. Fún ẹni tó ń wọ ilé tó ń jó, ó kéré jọjọ, ó sì yẹ kí ìjọba tún un wò.