Ilé Méjì Lẹ́yìn Ìlú Jakarta

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Tanah Abang, láàárín Jakarta, tó kọrí sí Serpong, oríṣi ilé méjì ni yóò máa bá pàdé bí ìlú ti ń tán lẹ́yìn rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni perumahan, ẹ̀sítéètì tí akọ́létà gé sí ojúlé-ojúlé, tí òrùlé ibẹ̀ jọra bí ìbejì. Èkejì ni kampung, àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò ya àwòrán rẹ̀ kó tó di ilé, tí ọ̀nà rẹ̀ ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín ilé bàbá àti ilé ọmọ. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Terry McGee mú ọ̀rọ̀ Indonesia méjì, desa tí í ṣe abúlé àti kota tí í ṣe ìlú, ó so wọ́n pọ̀ di desakota, ó fi ń pe irú ilẹ̀ báyìí tí oko ìrẹsì, ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé ti wọnú ara wọn.

Àwọn ènìyàn a máa yára dájọ́. Àwọn kan ní perumahan mọ́, kampung dọ̀tí. Àwọn mìíràn ní kampung ni ìfẹ́ wà, ará perumahan kò mọ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ná.

BSD City ni perumahan tó lórúkọ jù lápá Serpong. Ọdún 1989 ni wọ́n ṣí i, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ oko rọ́bà tẹ́lẹ̀, ètò rẹ̀ sì gba nǹkan bí 6,000 hẹ́kítà. Kampung kò ní ọjọ́ ìṣílé. Àwọn ẹ̀yà Betawi àti Sunda ló ni ilẹ̀ náà láti ọwọ́ àwọn baba wọn. Bí iṣẹ́ Jakarta ti ń pe àlejò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gé ilẹ̀ tà, ìwọ̀nba díẹ̀ lónìí, ìwọ̀nba díẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ ló gba sùúrù jù, nítorí ibẹ̀ ni owó olówó ti ń bọ́ sọ́wọ́ tàbí bọ́ sómi. Òfin ilẹ̀ Indonesia ti ọdún 1960 gbé ẹ̀tọ́ kan ga ju àwọn yòókù lọ. Hak Milik ni wọ́n ń pè é, ẹ̀tọ́ onílẹ̀ tí kò lọ́jọ́ ìparí, tó ṣeé tà, tó ṣeé fi jogún. Ọmọ Indonesia ló wà fún. Ilé-iṣẹ́ akọ́létà kò lè ní in. Nítorí náà, Hak Guna Bangunan ni akọ́létà fi ń di ilẹ̀ mú: ẹ̀tọ́ láti kọ́lé sórí ilẹ̀ fún 30 ọdún, tí wọ́n lè fi 20 ọdún kún un. Ẹ̀tọ́ yìí kan náà ló sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ra ilé, òun ni yóò sì lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ láti sọ ọ́ di Hak Milik. Nínú kampung, girik ni ọ̀pọ̀ ìdílé tọ́jú sínú àpótí, ìwé tó ń fi hàn pé lágbájá ló ń san owó orí ilẹ̀ náà. Lójú òfin, ẹni tó san owó orí kò tíì fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Lójú ará kampung, girik ni wọ́n fi ń rà, òun ni wọ́n fi ń tà, òun ni wọ́n fi ń pín ogún. Ìwé ti ọ̀kan ní òfin lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó lọ́jọ́ ìparí. Ìwé ti èkejì ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á bí ìwé onílẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣì ní ìrìn láti rìn kí wọ́n tó dé ìdí Hak Milik kan náà. Ní tèmi, iye tí ilẹ̀ girik fi dínkù sí ilẹ̀ oníwèé-ẹ̀rí kì í ṣe ọ̀pọ́: owó ìrìn yẹn ni, ẹni tó rà á ni yóò sì san án.

Àlejò tí kì í ṣe ọmọ Indonesia kò lè ní Hak Milik ní ibì kankan nínú méjèèjì. Hak Pakai, ẹ̀tọ́ ìlò, ni òfin yọ̀ǹda fún un. Tó bá fi orúkọ ọmọ ìlú bojú ra ilẹ̀, òfin 1960 yìí kan náà sọ pé òwò náà kò múlẹ̀, ilẹ̀ náà sì di ti ìjọba.

Ní ti owó, báǹkì ló ń gbé ènìyàn wọ perumahan. Ọdún 1976 ni Bank BTN kọ́kọ́ yá ènìyàn lówó ilé, nílùú Semarang. Ẹ̀yáwó náà ni gbogbo Indonesia mọ̀ sí KPR títí dòní. Oṣù dé, owó yọ. Èlé rẹ̀ a máa dúró sójú kan fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè sọ̀ kalẹ̀ bí ọjà ṣe rí. Báǹkì fẹ́ rí ìwé owó oṣù, èyí tí ẹni tó ń ta ọbẹ̀ bakso lórí ọmọlanke kò ní. Onítọ̀hún ń kọ́lé pẹ̀lú arisan, ohun tí àwa ń pè ní èésú. Kò sí èlé nínú arisan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tètè kàn lè dúró pẹ́ kí bíríkì tó dé. Ohun tí báǹkì ń wò nínú ìwé owó oṣù ni àwọn obìnrin arisan ń wò lójú ara wọn: ṣé ẹni yìí yóò san tirẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀?

Ibi tí mo ti rí ìjọra tó dùn mọ́ mi jù ni inú ilé gan-an. Ilé perumahan onírànwọ́ ìjọba tó wọ́pọ̀ ni type 36, ilé oní-36 mítà níbùú lóròó, lórí ilẹ̀ tó sábà máa ń jẹ́ 60. Yàrá méjì, pálọ̀ kékeré, ẹ̀yìnkùlé tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ wọ̀n. Ọjọ́ tí wọ́n fún onílé ní kọ́kọ́rọ́, gbogbo ojúlé jọra. Kí ọdún mélòó kan tó kọjá, ọ̀kan ti fi òrùlé bo ẹ̀yìnkùlé di ilé ìdáná, èkejì ti gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e, ẹ̀kẹta ti sọ iwájú ilé di warung, ìsọ̀ kékeré tó ń ta ọṣẹ àti ẹyin. Àwọn ayàwòrán-ilé Indonesia ní orúkọ fún un: rumah tumbuh, ilé tó ń dàgbà. Ilé kampung náà kò yàtọ̀. Yàrá kan ló fi bẹ̀rẹ̀; ọmọ gbéyàwó, wọ́n fi yàrá kún un; arisan kàn wọ́n, wọ́n kan òrùlé. Ẹni tó ya àwòrán perumahan rò pé òun ti parí iṣẹ́. Èmi kò rí ìbàjẹ́ kankan nínú ohun tí àwọn onílé fi kún un. Ìdílé tó ń gbèrú kò lè máa gbé inú 36 mítà títí láé.

Ẹni tó ń wá èrè náà ní láti mọ irú ìdàgbàsókè tó ń rà. Nínú perumahan, iye ilé ló ń dúró dè kó gòkè, pàápàá tí ọ̀nà márosẹ̀ tuntun bá ya wọ àdúgbò. Ọdún-ọdún ni wọ́n sì sábà máa ń gba owó ilé níbẹ̀. Ẹlòmíràn a ra ilé, a tì í pa, iná kò ní tàn níbẹ̀ lálẹ́. Nínú kampung, ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ń ka ọrọ̀. Wọ́n á ní bàbá alhájì kan ní kontrakan ilẹ̀kùn mẹ́wàá, ìyẹn yàrá mẹ́wàá tó tò tẹ̀léra, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Tangerang tàbí Bekasi, àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ Jakarta, ń gbé, tí wọ́n ń san owó lóṣooṣù. Òkúta ni owó ti àkọ́kọ́, ó wúwo, kò sì ṣeé há. Ti èkejì ń wọlé wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa kan ilẹ̀kùn.

Ní ti omi, kò sí ẹni tó yẹ kó yangàn. Ìlànà Indonesia ní kí kànga fi ó kéré tán mítà 10 jìnnà sí kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kampung tó há kò lè pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ 60 mítà náà, tí ó bá jẹ́ mẹ́fà ní mẹ́wàá, gbogbo gígùn rẹ̀ ni mítà 10 yẹn. Níbi tí omi ẹ̀rọ kò bá dé, ará ẹ̀sítéètì àti ará kampung jọ ń mu nínú ewu kan náà ni. Àgbàrá pẹ̀lú kò ka ìwé ilẹ̀. Perumahan ni Pondok Gede Permai ní Bekasi, ibi tí odò Cileungsi àti odò Cikeas ti pàdé. Omi wọ ibẹ̀ ní January 2020, ó tún wọ ibẹ̀ ní March 2025. Ẹni tó fẹ́ rà ní ibì kankan nínú méjèèjì, oṣù kìíní ọdún, nígbà tí òjò ń rọ̀ gidi, ni kó lọ wò ó, kó sì bi ọlọ́jà warung léèrè ibi tí omi ga dé.

Ètò àdúgbò náà rèé. Sẹ́kúrítì tó wọ aṣọ iṣẹ́ ló ń ṣọ́ ẹnu géètì perumahan, owó àdúgbò ni wọ́n fi ń san án. Àwọn ọkùnrin kampung ló ń gba ìṣọ́ òru láàárín ara wọn, ronda ni wọ́n ń pè é. Síbẹ̀, abẹ́ RT ni ilé méjèèjì wà, ẹgbẹ́ àwọn ojúlé tó fẹ̀gbẹ́ kanra, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá láti ìgbà tí Jàpáànì fi gba Indonesia nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Pátákó kan náà ni ènìyàn sì máa ń rí ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì: àlejò tó bá lo wákàtí 24, kó wá fi ara rẹ̀ hàn.

Níbi púpọ̀, ògiri ló pààlà láàárín méjèèjì, ọ̀nà tóóró kan sì wà lára ògiri náà. Ibẹ̀ ni ọkùnrin elẹ́fọ̀ọ́ máa ń gbà kọjá láàárọ̀, láti kampung sínú perumahan, tí yóò máa ké ọjà rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn ìyàwó ilé á jáde síta, wọ́n á yí i ká, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti máa bi ara wọn pé ta ni arisan kàn lóṣù yìí.